Ẹ Jẹ́ Kí Á Máa Gba Ìyókù Aṣọ Wa Lọ́wọ́ Onífídíò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì ohùn tàbí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ òwe. Ọ̀rọ̀ òde àríyá ni, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè wa náà ni.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ṣe ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi kan ní gbọ̀ngàn kan ní Ìbà, lójú ọ̀nà tó gba iwájú LASU lọ sí Ìgàndò. Òde náà dùn. Kámẹ́rà mẹ́ta ni àwọn onífídíò gbé wá. Ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta níwájú, ọ̀kan ń rìn káàkiri láàrin èrò, ọ̀kan sì wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tó ti lè rí gbogbo gbọ̀ngàn. Wáyà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ inú ẹ̀rọ kékeré kan tó ní bọ́tìnnì lórí ìlà-ìlà, èyí tí wọ́n ń pè ní switcher. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó tì í, ó ń wo àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń tẹ bọ́tìnnì. Àwòrán tó bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ni yóò hàn lára aṣọ funfun tí wọ́n ta sí ara ògiri. Òun náà ni àwọn ẹbí wa tó wà ní London àti Houston ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun náà sì ni ẹ̀rọ ń gbà sílẹ̀. Kí àlejò tó jẹun tán, fídíò ti parí. Kò sí pé ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá àgbà kan wà nínú ẹbí wa nígbà náà, ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi. Òun nìkan ló kù nínú wa tó lè ki oríkì orílẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀. Nígbà tí alága ìjókòó ní kí ó wá wúre fún ìyàwó, ó dìde, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó kì í tó ìṣẹ́jú méje. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ, omi lé ròrò sí mi lójú. N kò gba ohùn náà sórí fóònù mi, nítorí mo wí lọ́kàn ara mi pé kámẹ́rà mẹ́ta kúkú wà nínú ilé.

Ìyá náà ti di ẹni àná. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo wá fídíò ìgbéyàwó náà jáde kí n lè da oríkì náà kọ sínú ìwé. Ohun tí mo rí nìyí: ìyá la ẹnu, ó pe orúkọ ìyàwó, àwòrán yí padà sọ́dọ̀ bàbá ìyàwó, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lẹ owó mọ́ níwájú orí, wọ́n sì yí ohùn kúrò lórí gbohùngbohùn tó wà lọ́wọ́ ìyá bọ́ sórí orin. Nígbà tí kámẹ́rà yóò fi padà sọ́dọ̀ ìyá, àwọn ènìyàn ti ń ṣe àmín. Ìṣẹ́jú méje di ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá.

Mo wá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ. Kò bá mi jà, n kò sì bá a jà. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ibi tí òde ti gbóná ni mo gbé àwòrán sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tí màmá ń wí ṣe pàtàkì.” Mo bi í léèrè pé kí ni ó dé bá àwòrán tí kámẹ́rà yòókù yà. Ó ní méjì nínú wọn kò gba nǹkan kan sílẹ̀ rárá, wọ́n kàn ń fi àwòrán ránṣẹ́ sínú switcher ni. Ẹ̀kẹta gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pa ohun tó wà lórí mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀ rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí pé òde mìíràn ń dúró dè wọ́n.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti ń pa òwe yìí láti kékeré kí n tó mọ̀ pé ó lè bá ọ̀rọ̀ kámẹ́rà mu.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò wá bú àwọn onífídíò, n kò sì sọ pé kí wọ́n padà sí ìlànà àtijọ́. Ṣé ẹ rántí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀? Wọ́n á ya fídíò lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á gbé téèpù lọ sílé, wọ́n á jókòó tì í láti gé e, láti tò ó, láti fi orin àti òdòdó sí i lára. Oṣù mẹ́ta lè kọjá kí oníyàwó tó fojú kan fídíò ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹlòmíràn ti bímọ kí téèpù tó dé. Gígé àwòrán lójú ẹsẹ̀, bí a ti ń yà á lọ́wọ́, ló gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Nígbà tí àrùn COVID-19 dé, tí ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ọ̀nà yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn odi fi rí ojú òkú òbí wọn fún ìgbà ìkẹyìn. Iṣẹ́ tó ní láárí ni. Ẹni tó bá ń ṣe é dáadáa, ọpọlọ rẹ̀ yára ju ti ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì jẹ́ ohun tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, bí wọ́n ti ń ṣe é gan-an nìyí. Ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sórí téèpù kò bọ́ sọ́jà títí di ọdún 1956, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Ampex ní Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ jáde, owó gọbọi sì ni wọ́n ń tà á. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ayé tí ọ̀pọ̀ ètò ń lọ láàyè ló bá. Olùdarí jókòó sínú yàrá kékeré, ó ń wo àwòrán láti ara kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ èyí tí wọn yóò gbé sáfẹ́fẹ́. Èyí tó bá mú ni ìlú rí. Èyí tí kò bá mú, afẹ́fẹ́ gbé e lọ.

Nígbà tí fídíò alágbèéká dé ọ̀dọ̀ wa, tí àwọn òṣèré Yorùbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ya eré ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí Living in Bondage tí Kenneth Nnebue gbé jáde sì sọ òwò náà di ńlá ní ọdún 1992, àwọn onífídíò òde náà ra kámẹ́rà tiwọn. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni, wọ́n á gbé e lé èjìká. Bí onífídíò bá ti tẹ bọ́tìnnì ìdádúró láti fi bátìrì pamọ́, ó ti gé fídíò nìyẹn. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ títí tí yóò fi tún un tẹ̀ kò sí nínú ìtàn. Ọjà Alábà tó wà ní Ọ̀jọ́, tí kò jìnnà sí wa ní Ìbà, ni ọ̀pọ̀ ti ra kámẹ́rà àti téèpù òfìfo, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ra switcher àti wáyà lónìí. Ẹ̀rọ ló yí padà. Gígé lójú ẹsẹ̀ ti wà tipẹ́.

Àní ó ti wà ṣáájú ẹ̀rọ pàápàá. Ẹ wo asunrárà níbi ìnáwó. Bí ó ti ń ki olóde lọ́wọ́ ló ń wo ẹnu ọ̀nà. Bí ẹni pàtàkì bá wọlé, yóò gé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ sí méjì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ó bá rí i pé ìlú kan kò ní ọmọ níbẹ̀, yóò fo oríkì ìlú náà. Onílù gángan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ojú ló fi ń yan ohun tí ọ̀pá ìlù yóò sọ. Iṣẹ́ olùtẹ-bọ́tìnnì ni wọ́n ń ṣe láti ayébáyé, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ohun tí asunrárà gé kúrò kò sọnù. Ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá pè é lọ́la tí a ní kí ó wá ki ti ìlú tó fò lánàá, yóò kì í. Ẹ̀rọ kò ní ikùn bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá pàṣẹ fún un kí ó fi ohun tí a kò mú pamọ́, kò ní fi í pamọ́. Ohun tí a kò tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ti kú láàyè.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rántí àwọn aránṣọ. Bí a bá gbé yáàdì márùn-ún fún aránṣọ, tí ó rán aṣọ náà tó bá wa lára mu wẹ́kú, kí ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ìyá wa máa ń bèèrè? Ìyókù aṣọ mi dà? Wọn kì í bá aránṣọ jà pé ó gé aṣọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gé e. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé aṣọ lè ya, wọ́n mọ̀ pé ara lè sanra, wọ́n mọ̀ pé ọmọ lè fẹ́ fi rán fìlà. Àwa tí a ń fi ohùn gbà á lọ́wọ́ aránṣọ nítorí ìyókù léèsì, àwa náà ni a ń fi àrójẹ ẹnu àwọn àgbà wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ onífídíò láìbèèrè. Kí ni a fi léèsì ṣe tí a kò fi oríkì ṣe?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àìbìkítà àwa nìkan ni, kí ó gbọ́ èyí. Nígbà tí Neil Armstrong tẹ ẹsẹ̀ sórí òṣùpá ní oṣù keje ọdún 1969, àwòrán tó wá láti òṣùpá mọ́lẹ̀ ju èyí tí ayé rí lórí tẹlifíṣọ̀n lọ. Irú àwòrán náà kò bá tẹlifíṣọ̀n ilé mu, nítorí náà wọ́n yí i padà lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé ayípadà náà sáfẹ́fẹ́. Wọ́n gba àwòrán àkọ́kọ́ gan-an sórí téèpù, wọ́n kó o pamọ́. Nígbà tí wọ́n wá a lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò rí i. Ní ọdún 2009, àjọ NASA kéde pé ó jọ pé wọ́n ti pa á rẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún téèpù mìíràn kí wọ́n lè tún téèpù náà lò. Èyí tó ṣẹ́kù ni ẹ̀dà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbé sáfẹ́fẹ́, òun ni wọ́n sì tún ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, bí ìrìn àkọ́kọ́ ọmọ ènìyàn lórí òṣùpá bá lè sọnù nítorí pé wọ́n nílò téèpù òfìfo, ta ni yóò dáàbò bo ìyá àgbà kan ní Ìbà, bí kì í bá ṣe àwa ọmọ rẹ̀?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kò ṣeé ṣe, pé ó wọ́n jù, pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Mo ti ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Àkọ́kọ́, gígé lójú ẹsẹ̀ àti ìfipamọ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé eré ìdárayá sáfẹ́fẹ́ ni a ti lè kọ́ èyí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1963, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Tony Verna, olùdarí ní tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà, tún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí pápá gbé jáde fún òǹwòran kí eré náà tó parí. Ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí olùkéde fi ní láti kìlọ̀ fún wọn pé kì í ṣe pé ẹgbẹ́ náà tún jẹ àmì-ayò mìíràn. Lónìí, àwọn ẹ̀rọ bíi ti EVS, ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1994, ń gba àwòrán gbogbo kámẹ́rà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìdúró. Fáìlì ń gùn lọ níwájú, ẹlòmíràn sì ti ń gé e láti ẹ̀yìn, nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí agbábọ́ọ̀lù tó lọ sinmi. Bí ìgbà tí wọ́n ń hun aṣọ lórí òfì ni, tí aránṣọ sì ti ń rán apá tó ti jáde. Kò sí ohun tó bọ́ sílẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Gígé ń lọ, ìfipamọ́ ń lọ.

Ìkejì, ẹ̀rọ náà kì í ṣe ti olówó nìkan mọ́. Ní ọdún 2019 ni ilé-iṣẹ́ Blackmagic Design ti orílẹ̀-èdè Ọsirélíà gbé switcher kékeré kan tó ń jẹ́ ATEM Mini jáde, tí a lè gbé kalẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Irú rẹ̀ ti pọ̀ ní òde Èkó báyìí. Ní ọdún 2020, wọ́n gbé òmíràn jáde tí wọ́n ń pè ní ATEM Mini Pro ISO. Èyí ń gba àwòrán kámẹ́rà mẹ́rin sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń gba èyí tí a gé náà pẹ̀lú. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń kọ àkọsílẹ̀ gbogbo bọ́tìnnì tí a tẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fẹ́ padà sí ìṣẹ́jú kan lọ́la kí ẹ sì yan kámẹ́rà mìíràn, ẹ lè ṣe é. Onífídíò tí kò bá ní irú èyí kò ṣaláìní ọ̀nà: kí ó fi mẹ́mọ́rì káàdì sínú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tẹ bọ́tìnnì ìgbàsílẹ̀ lára kámẹ́rà náà. Ohun tí wọn kò ṣe ní òde tiwa kò ju èyí lọ.

Ìkẹta, ẹ jẹ́ kí á ṣírò ààyè tí yóò gbà. Fídíò tó mọ́ dáadáa, tó ń lo mẹ́gábíìtì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gba gígábáìtì 22.5 ní wákàtí kan. Bí kámẹ́rà mẹ́ta bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 270. Háàdì díìsìkì kan tó jẹ́ tẹ́ráábáìtì kan yóò gba òde mẹ́ta irú rẹ̀, àyè yóò sì ṣẹ́kù. Ẹ fi owó rẹ̀ wé owó aṣọ ẹbí tí ẹnì kan ṣoṣo rà, ẹ fi wé owó ọtí tí ó ṣẹ́kù sínú kúlà. Ẹ kò ní bá mi jiyàn.

Ìkẹrin, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Àwa tí a ń gbé ní Ìbà àti Òkòkómáíkò kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún wa bí iná ti ń lọ láìkìlọ̀, tí ẹ̀rọ amúnáwá sì lè kú láàrin ìwúre. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sínú fáìlì MP4 máa ń dúró títí a ó fi tẹ bọ́tìnnì ìdádúró kí wọ́n tó kọ atọ́ka fáìlì náà sí i. Atọ́ka yìí ni ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà. Bí iná bá lọ kí wọ́n tó kọ ọ́, wákàtí mẹ́ta àwòrán lè wà nínú fáìlì náà tí kò ní ṣeé ṣí. Ó dà bí ìwé tí kò ní ojú ewé. Àwọn fáìlì kan wà, bíi MKV, tí kì í rí bẹ́ẹ̀: ibi tí iná bá bá wọn ni wọn yóò dúró sí, ohun tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ yóò sì wà ní pípé. OBS, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ onífídíò ń lò, ti pẹ́ tó ti ń gba àwọn ènìyàn níyànjú nípa èyí. Ẹni tó bá ń gé lójú ẹsẹ̀ tí kò sì mọ èyí, orí omi ló ń kọ́lé sí.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rọ tí mo kà sílẹ̀ yìí kò lè ṣe ohun kan: wọn kò lè gbọ́ Yorùbá. Bí àwòrán kámẹ́rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà ní pípé, tí ohùn tó wọ inú gbogbo wọn bá jẹ́ orin nìkan, òfo ni. Àwòrán ẹnu tó ń mì kò lè sọ ohùn ọ̀rọ̀ fún wa, bẹ́ẹ̀ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni oríkì. Nítorí náà, kí ohùn gbohùngbohùn ní ààyè tirẹ̀ lọ́tọ̀, láìpa á pọ̀ mọ́ orin. Kí ẹnì kan tó gbọ́ èdè sì jókòó ti ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ lọ, kí ó ní, “Má kúrò níbẹ̀. Ohun tí màmá yìí ń wí kò sí lẹ́nu ẹlòmíràn mọ́.”

Níbo ni a ó ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní Ọ̀jọ́, ẹnu ọ̀nà wa gan-an. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ èdè Yorùbá wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn náà wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá tẹ̀ lé onífídíò lọ sí òde lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù, kí ó gbowó ọkọ̀ kí ó sì jẹ ìrẹsì, yóò rí ìṣúra tí kò sí nínú ilé ìkàwé kankan. Mo gbà pé òde àríyá ni ibi tí ìjìnlẹ̀ Yorùbá fi ṣe ilé ìkẹyìn ní Èkó. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, Gẹ̀ẹ́sì ni òbí ń bá ọmọ sọ. Ní ọ́fíìsì, Gẹ̀ẹ́sì ni. Òde ìgbéyàwó àti òde ìsìnkú nìkan ló kù tí a ti ń fi gbohùngbohùn lé àgbà lọ́wọ́, tí gbogbo ènìyàn sì ń panu mọ́. Bí a bá wá yí ohùn kúrò lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀ pàápàá, níbo ni kí ó ti sọ̀rọ̀?

Ẹnì kan lè bi mí pé, ta ni yóò jókòó wo wákàtí méjìlá àwòrán tí a kò gé? Kò sí. Èmi náà kò ní wò ó. Ṣùgbọ́n ta ni ń jẹ gbogbo iṣu tó wà nínú àká lóòjọ́? A kó o pamọ́ kí á lè rí èyí tí a fẹ́ nígbà tí a bá fẹ́ ẹ. Ìṣẹ́jú méje péré ni èmi ń wá nínú wákàtí mẹ́rin. Ẹlòmíràn lè ní ìtìjú ni: àwòrán tí a kò gé ní ẹni tó ń la oyin lọ́wọ́ lójú èrò, ó ní ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lẹ́yìn òpó. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ẹbí, kí ó má wà lọ́wọ́ onífídíò tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyókù aṣọ kò sí fún ìpolówó. Inú àpótí ni ààyè rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ìnáwó níwájú, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò pọ̀. Kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀, ẹ sọ fún onífídíò pé ẹ fẹ́ kí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ sílẹ̀, kí ohùn gbohùngbohùn sì dá wà. Ẹ kọ orúkọ àwọn àgbà tí yóò sọ̀rọ̀ fún un, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí tí kò gbọ́dọ̀ gé. Ẹ ra háàdì díìsìkì tiyín, kí ẹ gbé e dání lọ sí òde bí ẹ ti ń gbé àpò owó. Kí onífídíò tó ká wáyà rẹ̀, kí ẹnì kan nínú ẹbí ti da gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀. Bí ó bá sì béèrè fún owó díẹ̀ lé e nítorí wàhálà náà, ẹ fún un. Òun náà ní ọmọ nílé.

Ẹ̀yin onífídíò, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ máa gé e lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ yín kò ní rọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pa mẹ́mọ́rì káàdì rẹ́, ẹ pe olóde lórí fóònù. Ẹ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ẹ ti gba ìyókù aṣọ yín?

Ní tèmi, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló kù mí kù. Mo ti kọ ohun tí mo rántí nínú oríkì náà sílẹ̀, kò tó ìdajì. Mo kà á fún ìyàwó náà lórí fóònù lóṣù tó kọjá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá mi, ibi tó ti kan orúkọ ilé wa ńkọ́? Màmá pè é lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ.” Òótọ́ ló sọ. Èmi náà gbọ́ ọ. N kò rántí rẹ̀ mọ́.

Ó dìgbà kan ná o.